Preamp àgídìgbo: kí ló dé tí ìdàrú ohùn ń pọ̀ sí i nígbà tí mo bá dín ohùn kù?

Alágídìgbo Igbó (Ìjẹ̀bú-Igbó)
Ọjọ́ Ajé, aago 8:40 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi. Ọ̀gá onílù kan ní àdúgbò wa máa ń lu àgídìgbo fún ẹgbẹ́ alápàlà. Ó ní kí n ṣe preamp kékeré kan tí yóò gbé ohùn àgídìgbo náà wọ inú amplifier, nítorí pé bí òun bá gbé gbohùngbohùn síwájú rẹ̀, ohùn akúbà àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Mo lẹ àwo piezo kan (èyí tí ń sọ gbígbọ̀n igi di iná) tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 27 mọ́ inú àpótí rẹ̀, lábẹ́ ibi tí àwọn ahọ́n irin ti so mọ́ igi. TL072, ṣíìpù op-amp tí ń mú ohùn tóbi, ni mo lò, bátìrì 9 V kan ṣoṣo ni ó ń bọ́ ọ, rẹsísítọ̀ 1 MΩ wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀, 100 kΩ àti 10 kΩ sì ni mo fi ṣe gain, tí ó fi jẹ́ pé ohun tí ó bá wọlé yóò di ìlọ́po 11 kí ó tó jáde.

Ẹjọ́ tí onílù náà wá rò ni pé ohùn ahọ́n tí ó tóbi jù ń fọ́ nígbà tí eré bá gbóná. Mo wá gbé e ka orí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, mo so sáúǹdì káàdì USB mọ́ ọn, mo sì lo REW, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń wọn ohùn, èyí tí a ń gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo fi ìró 1000 Hz ránṣẹ́ sí i títí ohun tí ń jáde fi tó 0.5 V, REW sì kọ ìdàrú 1.1%. Mo rò pé bóyá ohùn náà ti pọ̀ jù ni, mo dín in kù sí 0.1 V, àfi bí ó ṣe kọ 5.4%! Ṣé kì í ṣe pé bí a bá dín ohùn kù, ó yẹ kí ìdàrú dín kù pẹ̀lú? Mo ti pààrọ̀ TL072 náà lẹ́ẹ̀mejì, iye kan náà ni mo ń rí.

Ọmọ Ṣágámù
Ọjọ́ Ajé, aago 9:05 alẹ́

Ṣé ẹ ti wọn sáúǹdì káàdì náà fúnra rẹ̀? Ẹ fi wáyà kúkúrú kan so ẹnu àbájáde rẹ̀ mọ́ ẹnu àbáwọlé rẹ̀, kí preamp má sí láàárín wọn, kí ẹ sì wo iye tí REW yóò kọ. Bí káàdì náà fúnra rẹ̀ bá ń da ohùn rú ní 1%, kò sí TL072 tí ẹ lè pààrọ̀ tí yóò mú un kúrò. Kí ẹ sì rí i pé ẹnu line ni ẹ lò, kì í ṣe ẹnu gbohùngbohùn. Ẹnu gbohùngbohùn kò lè gba 0.5 V láìjẹ́ pé ó gé orí rẹ̀.

Bàbá Alátùn-únṣe (Ìjẹ̀bú-Òde)
Ọjọ́ Ajé, aago 9:48 alẹ́

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń tún amplifier ṣe, láti ti ilé ìjọsìn dé ti àwọn ẹgbẹ́ tí ń jáde ní Ojúde Ọba, n kò sì fi kọ̀ǹpútà wọn ohùn rí. Gbé oscilloscope, ẹ̀rọ tí ń fi ìrísí ìró hàn, síwájú, fi ìró sine wọlé, kí o wo bí ó ṣe ń jáde. Bí orí rẹ̀ bá rí róbótó, ara rẹ̀ yá. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ti ń gé e nìyẹn. Èmi rò pé iye ìdá-ìdá nínú ọgọ́rùn-ún yìí ni ó ń dà yín láàmú. Onílù kò sọ fún ọ pé ìdàrú òun jẹ́ 1.1%. Ohun tí ó sọ ni pé ahọ́n ńlá ń fọ́ nígbà tí eré bá gbóná, níbẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́ Físíìsì (Ìlíṣàn-Rẹ́mọ)
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:20 àárọ̀

Bàbá, mo júbà yín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ lójú ọ̀nà tí ẹ là yìí. Ojú ènìyàn kì í tètè rí ìdàrú tí kò tó 2% tàbí 3% lórí oscilloscope, bí ó ti wù kí ojú náà mú tó. Etí lè ti máa gbọ́ ọ nígbà tí ojú ṣì ń wí pé róbótó ni. Oscilloscope dára fún gígé orí. Fún ohun tí ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ní láti ya ìró náà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Kí gbogbo wa lè sọ̀rọ̀ sójú kan: bí a bá fi ìró 1000 Hz nìkan wọ inú ẹ̀rọ tí kò ṣe déédéé, ẹ̀rọ náà yóò fi àwọn ìró mìíràn kún un ní 2000 Hz, 3000 Hz, 4000 Hz àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn wọ̀nyí ni a ń pè ní hámónìkì. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì máa ń bá ìró àkọ́kọ́ rìn bí ọmọdé tí ń bá bàbá rẹ̀ kọrin kan náà ní ohùn òkè, ìdí nìyẹn tí kì í fi tètè dun etí lára. Láti mọ THD (àpapọ̀ ìdàrú hámónìkì), ẹ mú fóltééjì hámónìkì kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀, ẹ ro gbogbo wọn pọ̀, ẹ wá gbòǹgbò àròpọ̀ náà, kí ẹ sì fi fóltééjì ìró àkọ́kọ́ pín in. Lórí àwòrán REW, hámónìkì tí ó wà ní −40 dB sí ìró àkọ́kọ́ jẹ́ 1%, −60 dB jẹ́ 0.1%, −80 dB sì jẹ́ 0.01%.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wo ohun tí Alágídìgbo kọ. 1.1% nínú 0.5 V jẹ́ 5.5 mV. 5.4% nínú 0.1 V jẹ́ 5.4 mV. Ẹ kò rí i pé nǹkan kan náà ni? Ohùn dín kù sí ìdá márùn-ún, ṣùgbọ́n ohun tí ó kù lẹ́yìn rẹ̀ kò mira. Ìdàrú kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Hámónìkì kejì máa ń dín kù pẹ̀lú ohùn tí ó bí i, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí a bá dín ohùn kù sí ìdajì, ìdá rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún náà yóò dín kù sí nǹkan bí ìdajì, ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta yóò sì dín kù sí nǹkan bí ìdá mẹ́rin. Ohun tí kò dín kù yìí, àlejò láti ìta ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé orí ìlà THD+N ni ẹ ti ka iye yẹn, kì í ṣe orí ìlà THD. N yẹn ni ariwo, ìkùn iná sì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀fìn kan tún wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. Iná wa ń gbọ̀n ní 50 Hz. Ìlọ́po 20 rẹ̀ jẹ́ 1000, ìlọ́po 40 jẹ́ 2000, ìlọ́po 60 jẹ́ 3000. Nítorí náà, bí ẹ bá fi 1000 Hz gan-an wọn ẹ̀rọ, díẹ̀ nínú ìkùn iná yóò bọ́ sí orí àwọn hámónìkì yín gẹ́lẹ́, kọ̀ǹpútà kò sì lè mọ ìyàtọ̀. Ẹ sún un sẹ́yìn díẹ̀. Bí ẹ bá lo 48000 àyẹ̀wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan àti FFT (ìṣirò tí ń ya ìró sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú àpótí-àpótí) 65536, ẹ lo 996.8 Hz; ó bọ́ sí ojú àpótí FFT dáadáa, ó sì yẹra fún ti iná. REW ní ibi tí ẹ ó fi àmì sí kí ó lè bá yín ṣe èyí fúnra rẹ̀.

Ọmọ Ṣágámù
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 7:02 àárọ̀

Olùkọ́ ti já a. Ẹ tún yọ ṣájà kúrò lára kọ̀ǹpútà náà kí ẹ tó wọn ọ́n. Ìgbà kan wà tí inverter ilé mi ń gbé iná onígun-mẹ́rin jáde dípò sine, gbogbo ojú àwòrán mi sì kún fún òpó bí oko àgbàdo.

Alágídìgbo Igbó
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:31 alẹ́

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ojú tì mí díẹ̀: òótọ́ ni, THD+N ni mo ń kà, ṣájà sì wà lára kọ̀ǹpútà náà, orí jẹnẹrétọ̀ ni a sì wà lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo ti ṣe bí ẹ ti wí. Sáúǹdì káàdì nìkan, láìsí preamp: THD 0.008%. Preamp pẹ̀lú rẹ̀, láìsí ṣájà, ní 996.8 Hz àti 0.5 V: THD 0.02%, THD+N 0.09%. Àwọn òpó 50, 100 àti 150 Hz ti wálẹ̀ pátápátá.

Ṣùgbọ́n mo gbé e padà fún onílù náà ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ó lù ú, ó sì wò mí lójú. Ó ṣì ń fọ́.

Ọmọ Ṣágámù
Ọjọ́rú, aago 7:15 àárọ̀

Ẹ wọn ọ́n ní 100 Hz pẹ̀lú, torí ahọ́n ńlá ni ó ń ṣẹjọ́, ìró ìsàlẹ̀ sì ni tirẹ̀. Irú kapásítọ̀ wo ni ẹ fi sí ẹnu àbájáde? Bí ó bá jẹ́ seramiki X7R tàbí Y5V kékeré bíńtín yẹn, agbára rẹ̀ láti gba iná ń yí padà bí fóltééjì orí rẹ̀ bá ṣe ń yí padà, ìdàrú sì ni èyí ń bí. Ní 1000 Hz kò sí fóltééjì púpọ̀ lórí rẹ̀, nítorí náà yóò fara pamọ́. Ní ìsàlẹ̀ ni yóò ti jáde.

Alágídìgbo Igbó
Ọjọ́rú, aago 1:10 ọ̀sán

Seramiki 100 nF ni, inú pákó rédíò àtijọ́ ni mo ti tú u, n kò mọ irú tí ó jẹ́. Ní 100 Hz: 0.4%! Mo yọ ọ́, mo fi kapásítọ̀ onífíìmù 1 µF sí ipò rẹ̀, ó wálẹ̀ sí 0.02%.

Ìyá Ìbejì (Ìpẹru)
Ọjọ́rú, aago 3:44 ọ̀sán

Ẹ kú ìjíròrò. Kì í ṣe gbogbo wa ni a ní kọ̀ǹpútà tí a lè fi sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀nà tí ọkọ mi fi kọ́ mi ní iṣẹ́ rédíò. Ẹ wá rẹsísítọ̀ 16 kΩ mẹ́rin àti kapásítọ̀ 10 nF mẹ́rin. Rẹsísítọ̀ méjì ní ìtòtẹ̀lé, kapásítọ̀ méjì tí a so pọ̀ di 20 nF yóò sì lọ sí ilẹ̀ láti àárín wọn. Kapásítọ̀ méjì yòókù ní ìtòtẹ̀lé, rẹsísítọ̀ méjì tí a so pọ̀ di 8 kΩ yóò sì lọ sí ilẹ̀ láti àárín tiwọn. Ẹ so orí méjèèjì pọ̀, ẹ so ìdí méjèèjì pọ̀. Twin-T ni wọ́n ń pè é. Ó máa ń gbé ìró tí ó wà ní nǹkan bí 995 Hz mì, ohun tí ó bá sì ṣẹ́ kù lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdàrú àti ariwo. Ẹ óò wo èyíinì lórí oscilloscope ní 5 mV fún ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹ óò sì fi ti ìbẹ̀rẹ̀ pín in. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé ẹ óò fi ojú yín rí ìrísí ìdàrú náà: bóyá ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, tàbí ó ń ṣẹ́ ṣóńṣó ní orí ìró nìkan.

Olùkọ́ Físíìsì
Ọjọ́rú, aago 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ọ̀nà tí ó dára ni, Ìyá Ìbejì, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe pín iye tí ó bá jáde lásán. Twin-T tí kò ní op-amp lẹ́yìn kì í gbé ìró àkọ́kọ́ nìkan mì, ó máa ń bu nínú hámónìkì pẹ̀lú. Hámónìkì kejì yóò ku nǹkan bí 0.35 ohun tí ó jẹ́, ẹlẹ́ẹ̀kẹta yóò ku 0.55. Ẹni tí ìdàrú rẹ̀ jẹ́ 1%, tí gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, yóò ka 0.35%, yóò sì máa jó. Ìró tí ẹ fi ń wọn ọ́n pẹ̀lú ní láti mọ́ ju ohun tí ẹ ń wá lọ.

Ìyá Ìbejì (Ìpẹru)
Ọjọ́rú, aago 6:12 ìrọ̀lẹ́

Mo gbà nípa ti 0.35 yẹn. Èyí tí mo ń lò ní op-amp tí ó ń dá ohùn padà sí ẹsẹ̀ tí ó yẹ kí ó lọ sí ilẹ̀, ìyẹn ni ó ń mú kí ihò rẹ̀ tín-ín-rín, tí kò fi ń jẹ hámónìkì mọ́. Mo yẹ kí n ti sọ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má sì retí pé kapásítọ̀ tí ó lè fi 10% yàtọ̀ síra yóò gbé ìró àkọ́kọ́ mì tán. Ẹ óò ní láti ṣà wọ́n tàbí kí ẹ fi rẹsísítọ̀ tí a ń yí tún un ṣe.

Bàbá Alátùn-únṣe
Ọjọ́rú, aago 8:00 alẹ́

Ẹ ti sọ̀rọ̀ dé Jámánì, ahọ́n ńlá ṣì ń fọ́. Ọmọ mi, gbé àgídìgbo àti preamp náà wá bá mi lọ́la. Mú onílù náà dání.

Alágídìgbo Igbó
Ọjọ́ Ẹtì, aago 10:25 àárọ̀

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. A dé ọ̀dọ̀ wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde lánàá. Wọn kò tilẹ̀ wo kọ̀ǹpútà mi. Wọ́n fi oscilloscope kan ẹnu àbáwọlé preamp, wọ́n ní kí onílù lu ahọ́n ńlá bí ẹni pé ó wà lójú agbo. Nígbà tí ó rọra lù ú, 60 mV tàbí 80 mV ni a rí. Nígbà tí ó wá lù ú bí ó ti máa ń lù ú gan-an, tí ó fi ìdí àtàǹpàkò já a sílẹ̀ lójijì, ó fò dé 1.4 V ní ṣóńṣó! Ẹnu yà mí. Àwo kékeré tí kò tóbi ju owó kọ́bọ̀ àtijọ́ lọ ni ó ń gbé e jáde. Bàbá gbé oscilloscope lọ sí ẹnu àbájáde, gbogbo orí àti ìdí ìró náà sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni fi àdá gé e, ní 2.4 V lókè àti 2.4 V nísàlẹ̀. Wọ́n wọn bátìrì mi, 7.8 V ni ó kù.

Mo wá jókòó ṣírò rẹ̀. Àbájáde TL072 kì í lè sún mọ́ orí iná bátìrì (fóltééjì òkè rẹ̀) tàbí ìdí rẹ̀ (ti ìsàlẹ̀) ju nǹkan bí 1.5 V lọ. 7.8 V yọ 3 V ku 4.8 V, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 2.4 V. Bí a bá fi 11 pín in, ohun tí ó lè gba wọlé kò ju 0.22 V lọ. Nígbà tí mo ń fi REW wọn ọ́n, ṣóńṣó ìró mi kò ju 64 mV lọ. Ìlù gidi fi nǹkan bí ìlọ́po 22 ju ohun tí mo fi dán an wò lọ. 0.02% tí mo ń yọ̀ lé lórí, fún ẹni tí ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni.

Ọmọ Ṣágámù
Ọjọ́ Ẹtì, aago 11:00 àárọ̀

Ó tán nìyẹn. Ẹ dín gain kù sí 2, ìyẹn 10 kΩ méjì. Bátìrì tuntun 9 V yóò fún yín ní 3 V ní àbájáde, ìyẹn 1.5 V ní àbáwọlé, ó sì ju 1.4 V lọ.

Ìyá Ìbejì (Ìpẹru)
Ọjọ́ Ẹtì, aago 11:37 àárọ̀

Kò tíì tán o, àbúrò. Ẹ ń wo ẹnu àbájáde nìkan. TL072 ní àléébù kan ní ẹnu àbáwọlé: kò fẹ́ kí ohun tí ń wọlé sún mọ́ ìdí iná. Ohun tí àwọn tí ó ṣe é fọwọ́ sí ni pé kí ó máa jìnnà sí ìdí iná tó 4 V. Lójoojúmọ́ ó lè fara da 3 V. Bátìrì 9 V tí a pín sí méjì fún un ní 4.5 V ní ìsinmi. Bí piezo bá fà á wálẹ̀ ní 1.4 V, 3.1 V ni ó kù. Bí bátìrì bá tún rẹ̀ sí 7.8 V, 2.5 V ni yóò kù, ibẹ̀ sì ni TL072 ti lè ṣe wèrè: dípò kí àbájáde lọ sísàlẹ̀, ó lè fò sí òkè pátápátá. Ó burú ju gígé orí lọ, etí yóò gbọ́ ọ bí ìgbà tí ènìyàn ya aṣọ. Ẹ fi bátìrì méjì ní ìtòtẹ̀lé, kí ó di 18 V. Ààyè ẹnu àbáwọlé di 5 V láti ìsinmi 9 V, ti àbájáde di 7.5 V, gain 3 yóò sì rọrùn fún un.

Olùkọ́ Físíìsì
Ọjọ́ Ẹtì, aago 2:15 ọ̀sán

Mo fara mọ́ Ìyá Ìbejì pátápátá, Bàbá sì ti borí mi lórí ọ̀rọ̀ oscilloscope, mo gbà. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un kí ẹ tó tún un wọn. Àbájáde sáúǹdì káàdì kì í jọ piezo rárá. Piezo ń hùwà bí kapásítọ̀ kékeré, ìwọ̀n 20 nF tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ fún irú àwo yẹn. Ẹ fi 22 nF onífíìmù sí àárín káàdì àti ẹnu preamp. Ẹnu TL072 ní kapásítọ̀ kékeré tirẹ̀ nínú, tí ń yí padà bí fóltééjì ṣe ń yí padà. Bí ohun tí ń bọ́ ọ bá lágbára, kò ní hàn, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ aláìlágbára bíi piezo, yóò fi ìdàrú tirẹ̀ kún un. Ẹ sì dín àbájáde kù kí ó tó dé káàdì: 10 kΩ ní ìtòtẹ̀lé, 1 kΩ sí ilẹ̀, ohun tí yóò dé ibẹ̀ yóò jẹ́ ìdá mọ́kànlá.

Alágídìgbo Igbó
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 7:50 alẹ́

Mo ti parí rẹ̀. Bátìrì méjì, 20 kΩ àti 10 kΩ fún gain 3, fíìmù ní gbogbo ojú ọ̀nà ohùn. Mo fi 1 V wọlé, ìyẹn 1.4 V ní ṣóńṣó bí ti ìlù gidi, 3 V jáde. Ní 996.8 Hz, THD 0.012%. Ní 100 Hz, 0.015%. Nígbà tí mo fi 22 nF sí àárín, ti 100 Hz gòkè sí 0.03%, ti òkè kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mira. Ti káàdì nìkan ṣì jẹ́ 0.008%, nítorí náà mo rò pé ti preamp gan-an jẹ́ 0.004% ní 996.8 Hz. Onílù lù ú lónìí fún nǹkan bí wákàtí kan, kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí ó ṣe, ó ní kí n bá òun ṣe òmíràn fún ẹ̀gbọ́n òun.

Ọmọ Ṣágámù
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 8:06 alẹ́

Ẹ kú oríire! Ẹ má ṣe fi 0.008 yọ kúrò nínú 0.012 o. Hámónìkì káàdì àti ti preamp lè bá ara wọn mu kí wọ́n ro pọ̀, wọ́n sì lè takora kí wọ́n pa ara wọn rẹ́. Ohun tí ẹ lè sọ ni pé ó sún mọ́ ibi tí káàdì yín lè rí mọ.

Bàbá Alátùn-únṣe
Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 8:30 alẹ́

O ṣe é, ọmọ mi. Wo ara kapásítọ̀ tí ó wà lórí iná bátìrì náà dáadáa: bí ó bá jẹ́ pé 16 V ni wọ́n kọ sí i lára, yọ ọ́ lálẹ́ òní, kí o fi ti 25 V sí i.